Orúkọ Ọkọ̀ Tó Há sí Leonise Lẹ́nu

Bí o bá fẹ́ kí gbogbo abúlé Windward ní erékùṣù Carriacou gbọ́ nǹkan kí ọ̀sán tó pọ́n, má wulẹ̀ lọ fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ bá Leonise aránṣọ ìgbòkun, sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, kí o sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó parí! Kí o tó délé, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí òkun á ti máa bi ọ́ bóyá òótọ́ ni. Obìnrin náà ò burú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í parọ́, kì í sì í ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kàn máa ń dùn mọ́ ọn ju kó dá a jẹ lọ ni.

Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá òkun ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ ìgbòkun rírán, nígbà tí abẹ́rẹ́ ńlá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Scotland tó wá ń kan ọkọ̀ ní Carriacou láyé ọjọ́un ni bàbá rẹ̀ ti jogún orúkọ ìdílé wọn. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, ọmọ Kromanti pọ́ńbélé ni, irú àwọn tí wọn ò gbàgbé ẹ̀yà wọn ní Áfíríkà bó ti wù kí òkun tí wọ́n kó wọn lẹ́rú kọjá fẹ̀ tó. Bí àlejò bá bi Leonise ní ìtàn erékùṣù náà, kì í pẹ́ ẹ sọ rárá.

"Faransé dé, wọ́n fún wa lórúkọ òkè àti orúkọ etíkun," ni yóò wí. "Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n fún wa lówó orí. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lẹnikẹ́ni ò fún wa nínú wọn. Ogún ìyá mi nìyẹn, mo sì ń ná an bó ṣe wù mí!"

Ó ń ná an lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀, tí Grenada, erékùṣù ńlá tó ń ṣàkóso Carriacou, fẹ́ gba òmìnira. Ọ̀gá ilé ìwé kó aṣọ fún Leonise pé kó bá òun rán àsíá tuntun, ó sì kìlọ̀ fún un. "Tanti Leonise, ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo fẹ́ kó ya àwọn ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà." Leonise ní kò sí wàhálà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé pupa wà níbẹ̀, ìyeyè wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ìràwọ̀ wà níbẹ̀, àti pé wọ́n tún ya nọ́tímẹ́ègì, èso olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́tímẹ́ègì yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Eutrice tó ń dín ẹja tà, aládùúgbò Leonise àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, fi ọwọ́ lé ìbàdí láàárín títì.

"Nọ́tímẹ́ègì kẹ̀? Ibo ni nọ́tímẹ́ègì ti ń hù ní Carriacou? Àwọn ará erékùṣù ńlá yẹn ti tún rẹ́ wa jẹ!"

Wọ́n ń ja iyàn náà títí ọjọ́ fi pé. Nígbà tí wọ́n ta àsíá náà sókè, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọrin, kò sí àgbàlagbà kan tó wo ìràwọ̀. Nọ́tímẹ́ègì ni gbogbo wọn ń wá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó tóbi tó bí Leonise ṣe sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ò tún gbé aṣọ fún un mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Kápúténì Cosmus ká aṣọ funfun mọ́ abíyá, tó wọ ilé Leonise tó sì ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ni àwọn tó rí i ń rín. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ti pẹ́ tí òun àti Japheth, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀, ti ń gé igi kédárì lórí òkè, tí wọ́n ń tò ó jọ bí ẹní to egungun ìhà sára ẹ̀yìn, owó á tán, wọ́n á dúró, owó á dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àsíá ló wá kù. Ní Windward, orúkọ ọkọ̀ tuntun kì í jáde kí ọjọ́ tí wọ́n máa fà á sómi tó pé. Ẹni tó ni ín mọ̀ ọ́n, ẹni tó rán àsíá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó tán. Bó bá jò síta ṣáájú, ọkọ̀ náà ti di ẹni ẹ̀sín: àwọn ọmọdé á fi kọrin, àwọn atukọ̀ Petite Martinique, erékùṣù ìtòsí wọn, á sì máa fi pe ajá wọn.

"Cosmus, ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?" ni Leonise kọ́kọ́ bi í. "Èmi lo fẹ́ fi àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́? Èmi gan-an?"

"Sista Leonise, ìwọ náà ni."

"Ó dáa, kí lorúkọ ẹ̀? Sọ ọ́ kíá, etí ti ń yún mi!"

Cosmus sún mọ́ ọn létí. "Alban," ló wí.

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Leonise.

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ ọ́," ni Cosmus ń bá lọ. "Ìwọ ni màá sì fi ṣe ìyá ìsàmì ẹ̀. Ìwọ lo máa pe orúkọ yẹn lọ́jọ́ náà."

"Wá ẹlòmíì."

"Mi ò wá ẹlòmíì. Bí o ò bá pè é, a ò ní gé àwọn òpó tó gbé e dúró. Kó jókòó sórí iyanrìn kí ikán jẹ ẹ́."

Alban ni ọkọ Leonise. Nígbà kan, ó kó ewúrẹ́ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sọ́kọ̀, ó ń kó wọn lọ tà ní Trinidad, ojú ọjọ́ sì dára lọ́jọ́ tó gbéra. Òun o, ọkọ̀ o, àní pákó kan ṣoṣo o, òkun ò dá ọ̀kankan padà. Àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ní kékeré ti bímọ báyìí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣe sàárà ní Windward, tí wọ́n gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, tí wọ́n ń pe orúkọ wọn kí wọ́n wá jẹun, Leonise á pe bàbá rẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, á pe ìyá ìyá rẹ̀. Tó bá kan Alban, á pa ẹnu mọ́. Fadá bá a sọ ọ́ títí, ó sú Fadá.

"Mi ò rí òkú," ni èsì rẹ̀. "Ẹni tí mi ò rí òkú ẹ̀, ta ló ní kí n pè é mọ́ òkú?"

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ń sọ ti gbogbo ayé kò ṣe jẹ́ kí orúkọ ọkọ rẹ̀ kan ètè òun mọ́. Àwọn ará Windward mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń yẹ kòtò lójú ọ̀nà.

Leonise bẹ̀rẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ nílẹ̀. "Gbé aṣọ yẹn sílẹ̀," ló sọ fún Cosmus. "Rírán ni mo gbà. Mi ò tíì gbà láti pè é o."

Háà, ogun wá dé! Gbogbo Windward dojú kọ ilé Leonise. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọjọ́ Sunday, orúkọ á ti jáde. Sunday dé, kò sí nǹkan. Àwọn atukọ̀ ń ta tẹ́tẹ́ orúkọ lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n ń gbé ọtí kọjá iwájú fèrèsé rẹ̀ bóyá á jẹ́ yọjú. Kò yọjú. Eutrice ní àwọn ọkùnrin ò mọ ọgbọ́n. Ó dín ẹja tó dára jù nínú agbọ̀n rẹ̀, ó gbé e wọlé.

"Leonise ọ̀rẹ́ mi, ẹja gbígbóná rèé."

"O ṣeun."

"Ata wà lórí ẹ̀ bí o ṣe máa ń fẹ́ ẹ."

"Mo rí i."

"Létà wo ló fi bẹ̀rẹ̀?"

"Eutrice, gbé ẹja ẹ."

"Háà! Èmi náà kọ́ ni màá sọ ọ́ síta o! Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

"Bí èmi náà ṣe máa ń wí nìyẹn," ni Leonise wí, ó sì fi aṣọ bo ohun tó ń rán.

Eutrice jáde, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní ẹ gba òun o, wọ́n ti pààrọ̀ Leonise! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ara rẹ̀ ò yá. Ìyá arúgbó kan se àgbo ránṣẹ́ sí i. Fadá fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé kò sí nǹkan.

"Kò sí nǹkan, Fadá. Mo kàn ń dákẹ́ ni."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn," ni Fadá wí.

Gbogbo wọn rò pé ìjàkadì ló ń jà kí orúkọ náà má bọ́ sílẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan! Fífi í pamọ́ ò ni ín lára rárá. Pípè é gan-an ni ìṣòro. Ní ìdájí, kí Eutrice tó dáná, Leonise á lọ sétí òkun, á kọjú sí ọ̀nà Trinidad, á la ẹnu. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Á tún gbìyànjú, omi á kún ojú rẹ̀, inú á bí i sí ara rẹ̀. Òun tó lè bú Eutrice láti àárọ̀ dalẹ́ láìmí, orúkọ kan péré yìí ni ọ̀fun rẹ̀ kọ̀. Bí kò bá sì pè é lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ Cosmus àti Japheth ti gbé nìyẹn, ojú á sì ti ìdílé Alban níwájú gbogbo erékùṣù. Ẹ̀rù bà á ju bí ẹ̀rù ìjì ti ń bà á lọ.

Ọjọ́ ńlá wá dé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá wo Windward lọ́jọ́ náà! Àwọn ará Hillsborough dé, ti L'Esterre dé, ìgbòkun àwọn ará Petite Martinique funfun báláú lójú òkun bí ẹgbẹ́ lékeléke. Wọ́n ti ń ro ọkà àgbàdo nínú ìkòkò ńláńlá láti ìdájí, òtílí ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran ewúrẹ́ ń ta sánsán dé orí òkè. Ọtí Jack Iron ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọtí tí wọ́n ní yìnyín pàápàá máa ń rì sínú rẹ̀. Wọ́n ti pa àgbò nídìí ọkọ̀, wọ́n ti pa àkùkọ níwájú rẹ̀, Fadá ti wọ́n omi mímọ́ yí i ká, ẹni tó ń ta gòjé sì ti ń jó ju àwọn tó ń ta á fún lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ga gògòrò lórí iyanrìn, ó funfun, ìlà aláwọ̀ ewé yí i létí, àwọn òpó igi gbé e dúró lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọkùnrin dúró ti òpó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àáké. Wọ́n á gé àwọn òpó náà níkọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á fi ìhà lélẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á wá fi okùn fà á lórí igi roboto títí dé inú òkun. Bí ẹgbẹ́ kan bá yára ju èkejì lọ, ó fọ́ nìyẹn.

Leonise dúró lórí àpótí kan níwájú ọkọ̀, ó wọ aṣọ búlúù, ó wé gèlè funfun. Àsíá wà lókè lórí òpó ìgbòkun, wọ́n ká a mọ́ra wọ́n sì fi okùn tín-ínrín dì í. Ariwo náà pọ̀ débi pé ẹ ò lè gbọ́ ara yín.

"Sea Queen ni!" ni ẹnì kan ń pariwo.

"Irọ́ ni, orúkọ ìyá Cosmus ni! Mo ti fi ewúrẹ́ mi ta á!"

"Ewúrẹ́ ẹ ti lọ nìyẹn!"

Láti orí ọkọ̀, Cosmus fa okùn náà. Àsíá tú, ó nà gbalaja nínú afẹ́fẹ́, létà búlúù ńláńlá lára rẹ̀: ALBAN.

Ó yẹ kí ilẹ̀ mì tìtì fún ariwo. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹni tó ń ta gòjé dúró. Gbogbo ojú yí kúrò lára àsíá, wọ́n wo Leonise. Eutrice fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá yé e nísinsìnyí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rán nínú ilé tí ilẹ̀kùn wà ní títì, ara rẹ̀ sì bù máṣọ fún ẹja tó fi dán an wò.

Leonise la ẹnu. Kò sí nǹkan. Ó tún un là. Àwọn ọkùnrin gbé àáké sókè, wọ́n ń dúró, òógùn ń ṣàn lójú wọn.

"Tanti Leonise," ni Japheth rọra wí láti ìsàlẹ̀, "omi ti ń fà sẹ́yìn o."

"Mo mọ̀," ni Leonise wí. Ìyẹn jáde dáadáa. Èyí tó kù ni kò jáde.

Àwọn Petite Martinique bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Cosmus di òpó ìgbòkun mú lókè, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sọ fún un pé kó yára. Ibẹ̀ ni Eutrice ti bú sẹ́kún, tó sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

"Leonise!" ló ké. "Láti ìgbà tí a ti dáyé ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dákẹ́! Òní nìkan ṣoṣo ni mo ní kí o sọ̀rọ̀, òní náà lo wá ya odi!"

Ẹ̀rín sọ, àfi gbàà. Ẹ̀rín náà mú Leonise fúnra rẹ̀, ó mi ín jìgìjìgì lórí àpótí.

"Eutrice, pa ẹnu ẹ dé, aláṣejù!" ló fi dá a lóhùn, bí ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ báyẹn, kó tó rántí pé ẹ̀rù ń ba òun, ó pè é. "Alban."

Kò ròkè. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó sùn sínú yàrá. Ṣùgbọ́n ó jáde! Ẹ gbọ́ igbe! Japheth ò dúró gbọ́ òmíràn.

"Ó ti pè é! Ẹ gé e! Ọ̀tún, ẹ bẹ̀rẹ̀! Òsì, jẹ́jẹ́! Mo ní jẹ́jẹ́, ibo lẹ̀ ń kánjú lọ?"

Àáké ń ró, èérún igi ń fò, ọkọ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin ń pe Jésù, títí tó fi fi ìhà lélẹ̀ lórí igi roboto láìfọ́, láìsán. Gbogbo ènìyàn sáré dìmọ́ okùn, àti Fadá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ẹ fà á! Hóò! Ẹ tún un fà! Hóò! Ọkọ̀ ń bọ̀, iyanrìn ń kígbe lábẹ́ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí imú rẹ̀ kan omi, ó dúró gbọin. Wọ́n fà á títí, àwọn míì ṣubú lórí ara wọn. Kò mira.

"Ẹ fi í síbẹ̀!" ni ọkùnrin Petite Martinique kan kígbe. "Ẹ kan ilẹ̀kùn sí i, ẹ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù!"

Japheth nu ojú, ó yíjú sí Leonise. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe ọkọ̀, Tanti. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ pè é. Òkun ò tíì mọ ẹni tó ń bọ̀."

Ẹ mọ̀ pé ìbínú máa ń ṣiṣẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ ò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wọ Leonise lára. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ inú omi lọ dúró gangan níwájú imú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo bó ṣe na ìhà sílẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé.

"Alban!" Ohùn náà ta bí ìbọn. "Alban, o ti tún bẹ̀rẹ̀! Ìwà ẹ náà nìyí! Gbogbo ayé ti jí, ìwọ nìkan lo ṣì fi ìhà lélẹ̀! Kí wọ́n máa fà ọ́ bí ewúrẹ́ tí ò fẹ́ rìn! Àbúrò ẹ fi gbogbo owó ẹ̀ kàn ọ́, mo fi gbogbo ojú mi rán àsíá ẹ, o wá fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn ọ̀lẹ Petite Martinique yìí? Dìde! Mo ní kí o dìde níbẹ̀ yẹn, Alban!"

Ẹ̀rín pa àwọn tó ń fa okùn débi pé wọn ò mọ̀gbà tí wọ́n tún tẹra mọ́ ọn. Àwọn Petite Martinique fúnra wọn sáré wá dì í mú. Hóò! Nǹkan já lábẹ́ ọkọ̀. Ó yọ́, ó sáré, Eutrice fa Leonise sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gbá a, ọkọ̀ wọ omi gbàá, ó sì dìde dúró ṣánṣán lórí òkun, àsíá rẹ̀ ń fẹ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn débi pé wọ́n ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ń fo sínú omi taṣọtaṣọ. Ọ̀kánjúwà tó fi ewúrẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ń sunkún, ó ní ayọ̀ ni.

Leonise dúró sínú omi tó mù ún dé ìbàdí. Gèlè rẹ̀ ti lọ. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ náà kúrò létí òkun, ó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, Cosmus ń juwọ́ láti orí rẹ̀.

"Alban!" ni Leonise ké sí i. "Tètè máa bọ̀ o! Alban! Ṣé o gbọ́? Oúnjẹ wà nílé!"

Ó ń pè é, ó ń tún un pè, títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo Windward tó sọ fún un pé kó dákẹ́.